Atẹ́gùn táyà kò tó ìbọn

Mo rí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà lójú títì Àrìgìdì, mo bá ń rò ó: ṣé ẹ̀rọ yìí lè fẹ́ atẹ́gùn sínú ìbọn afẹ́fẹ́?

Kò lè ṣe é rárá.
Táyà mọ́tò kékeré ń gba bíi 30 sí 35 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn).
Ìbọn afẹ́fẹ́ tó ní sìlíńdà ń gba bíi 3,000 psi, òmíràn tó 4,500!

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ kékeré tó lágbára láti fẹ́ atẹ́gùn sínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sílé:

Ẹ wá èyí tó lè lo bátìrì mọ́tò. Ẹ ṣáà mọ iná NEPA wa.

Ẹ wá èyí tó ní asẹ́ tó ń gba omi. Lásìkò òjò, omi pọ̀ nínú atẹ́gùn, ó sì ń mú sìlíńdà dípẹtà.

Ẹ jẹ́ kó máa sinmi, ó tètè ń gbóná.

Ẹ má fi ọ́síjìn àwọn wẹ́dà rọ́pò o! Ó lè bú gbàmù.

Òfin Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn. Ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ló yẹ kó ṣáájú ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin ọdẹ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ṣé ẹ̀rọ yìí tọ́ sí owó rẹ̀, àbí kí á kúkú ra ìbọn onísípíríìnì tí kò nílò ẹ̀rọ?