Àtúnbí ní Ìgbẹ́tì: Ṣé omi ni àbí ìwà?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Kìṣí wọ Ìgbẹ́tì, òkè ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Àpáta ló yí ìlú náà ká, Òkè Ìyámọ̀pó ló sì lókìkí jù nínú wọn. Ìlú òkúta mábù ni, ìlú àgbẹ̀ ni, ibẹ̀ náà sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọlọ́runṣògo. Mùsùlùmí ń bẹ níbẹ̀, onígbàgbọ́ ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá bi àwọn onígbàgbọ́ nírú ìlú bẹ́ẹ̀ pé, "Ṣé àtúnbí ni yín?", kó má rò pé èsì kan ṣoṣo ni òun máa gbọ́ o.

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti pẹ́ lágbègbè yìí. Láti ọdún 1855 ni Bowen ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn kì í sàmì fún ọmọ ọwọ́, àdúrà ni wọ́n ń gbà fún un. Ìgbà tó bá dàgbà, tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ Jésù, ni wọ́n máa tó rì í bọ inú omi pátápátá. Lójú tiwọn, ìgbàgbọ́ ló ń tún èèyàn bí, omi kàn ń jẹ́rìí sí i ni.

Kátólíìkì àti Áńgílíkà kò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, àtúnbí ti bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti sàmì fún ọmọ ọwọ́. Àwọn Kátólíìkì kì í sì í tún un ṣe: bí wọ́n bá ti fi omi ṣe é lórúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, ó ti tó.

Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, katapílà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà ló ń wà nígbà tí ìpè dé ní 1928. Síbẹ̀, ní 1929, wọ́n tún rì í bọ omi ọ̀sà l'Ékòó. Títí dòní, ìjọ CAC ń fẹ́ kéèyàn gba Ẹ̀mí Mímọ́ lẹ́yìn omi. Ní ti Deeper Life, tí Kumuyi bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ẹni tó bá lóun ti di àtúnbí gbọ́dọ̀ dá ohun tó jí padà fólóhun.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti sàmì fún láti kékeré fẹ́ fẹ́ ọmọ Onítẹ̀bọmi, wọ́n ní kó tún wọnú omi. Ni bàbá rẹ̀ bá fárígá: "Ṣé omi kọ́ ni wọ́n fi sàmì fọ́mọ mi ni?" Àwọn ẹbí á máa wojú ara wọn. Aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀ o!

Àmọ́ ọjà ní ìdánwò tiẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á lu ìdí kóńgò wọnú, kí àgbàdo tàbí gàrí lè dín. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, tó ń kígbe pé àtúnbí lòun, kò sí oníbàárà tó máa bi í pé omi ṣọ́ọ̀ṣì wo ló wọ̀. Ìdí kóńgò ni wọ́n máa yí sókè wò.