Omi Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Wọ Ọkọ̀

Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá ni bàbá mi ń wà nígbà tí à ń gbé ní Niamey. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ náà mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni búùtù, búùtù ọ̀hún kò sì gba ẹrù púpọ̀. Èèyàn márùn-ún sì ni wá.

Nínú ìsinmi Kérésì ọdún 1996, Bàámi ní ká lọ wo àgùnfọn ní Kouré, nǹkan bí 60 kìlómítà sí Niamey lójú ọ̀nà Dosso, ká sì sùn nínú àgọ́ fún alẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà yẹn, àgùnfọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó kù láyé kò ju nǹkan bí 50 lọ, agbègbè yẹn ni wọ́n sì wà.

Màámi kó ìkòkò mẹ́ta, sítóòfù àti aṣọ ọjọ́ mẹ́rin jáde. Bàámi wò ó.

"Ìyá Bọ́lá, a ò kó kúrò nílé o. Ìkòkò kan, aṣọ ìpààrọ̀ kọ̀ọ̀kan, bùláńkẹ́ẹ̀tì nítorí ọyẹ́, àti kẹ́ẹ̀gì omi méjì."

Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Èmi ni mi ò gbà. Nígbà tí ojú wọn kúrò, mo yọ kẹ́ẹ̀gì kan, mo sì ti páálí ìwé ìtàn mi síbẹ̀.

A rí àgùnfọn, inú wa dùn. Lọ́jọ́ kejì, táyà bẹ́ lójú ọ̀nà iyanrìn nínú igbó, sípíà kò sì ní afẹ́fẹ́. Oòrùn mú, omi tán, àbúrò mi ń ké. Màámi béèrè kẹ́ẹ̀gì kejì. Ẹnu mi wúwo.

Obìnrin Zarma kan tó ń ti ibi kànga bọ̀ ló sọ omi kalẹ̀ fún wa. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ fún, kò sì gba kọ́bọ̀.

Bàámi ò nà mí. Wọ́n kàn wo páálí náà, wọ́n ní, "Bọ́lá, ṣé èyí ṣeé mu?"

Lónìí, àgùnfọn náà ti lé ní 600. Ṣùgbọ́n àwọn agbébọn pa èèyàn mẹ́jọ ní Kouré lóṣù August 2020, nítorí náà, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí kí ẹ tó gbéra.

Tí èmi náà bá ń di ẹrù sọ́kọ̀, omi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé sí i, màá sì tú àpò olúkúlùkù wò. Àwọn ọmọ mi ní mo ti le jù. Bí wọ́n bá ka èyí, wọ́n á mọ ìdí rẹ̀.