Awọ Ewúrẹ́ Lára Ilẹ̀kùn Mọ́tò

Ibi tí à ń gbé apá lé lára ilẹ̀kùn Corolla mi ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Oòrùn Ìbàdàn ti jẹ ẹ́ débi pé ó ń lẹ̀ mọ́ni lára, tí mo bá sì wọ aṣọ funfun, dúdú rẹ̀ á ràn mọ́ ọn. Àwọn tó ń rán àga mọ́tò ní kí n jẹ́ kí àwọn fi lẹ́dà onírọ́bà bò ó láàárín wákàtí kan. N kò gbà. Ẹ̀gbẹ́ tìmùtìmù awọ kan ni mo dàgbà sí, èyí tí ìyá bàbá mi rà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́. Ó ti ju ogójì ọdún lọ, awọ náà kò tíì bó. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ nínú mọ́tò mi, ọwọ́ ara mi ni mo sì fẹ́ fi ṣe é.

Mo lọ bá Bàbá ṣúmẹ́kà tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi awọ bo nǹkan." Ó wò mí, ó wo mọ́tò, ó ní, "Ṣé o lè dúró? Gọ́ọ̀mù kò mọ ẹni tó ń kánjú." Sátidé mẹ́jọ ni mo fi jókòó tì í.

Awọ ewúrẹ́ ló ní kí n rà. Mushin ni mo ti rí i, Kánò ni wọ́n sì ti ṣe é. Awọ ewúrẹ́ ilẹ̀ Haúsá yìí ni àwọn oníràkúnmí ń rù gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láyé àtijọ́. Ọwọ́ àwọn ará Mòrókò ni àwọn òyìnbó ti ń rà á, ni wọ́n bá ń pe púpọ̀ nínú rẹ̀ ní awọ Mòrókò, bẹ́ẹ̀ Kánò àti Sókótó ló ti wá. Èyí tí mo rà kò nípọn ju mìlímítà 1 lọ. Bàbá fi hàn mí pé apá ikùn rẹ̀ máa ń nà ju apá ẹ̀yìn lọ. Èèyàn tó bá gé e láìwo èyí, yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan fà, èkejì dẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bò ó, ó dùn ún wò. Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí mọ́tò ti wà nínú oòrùn látàárọ̀, etí awọ náà ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ní gọ́ọ̀mù ni kò dáa. Bàbá fi ìka ra ike abẹ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò yí i wò, ó bi mí pé, "Kí ni wọ́n fi ń nu inú mọ́tò ẹ?" Òróró tí àwọn afọmọ́tò ń fọ́n sí dáṣíbọ́ọ̀dù kó lè máa dán ni. Sílíkónì wà nínú rẹ̀, gọ́ọ̀mù kì í sì í di sílíkónì mú. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ike náà lẹ́ẹ̀mejì, mo fi sípírítì nù ún, kí n tó fi sánpépà ha á. Fífọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí a bá kọ́kọ́ ha á, ńṣe ni a máa ti òróró náà wọnú ike. Gbogbo ibi tó ti sán ni mo fi pọ́tì dí, nítorí awọ fẹ́lẹ́ kì í bo àbùkù: ẹyọ iyanrìn kan lábẹ́ rẹ̀, ojú á rí i.

Gọ́ọ̀mù gan-an ni ẹ̀kọ́ tó pẹ́ jù. Ẹ̀yìn awọ la ń kùn, a ó kun ojú ike náà, a ó wá dúró, bí ìṣẹ́jú 10 sí 15. Nígbà ọyẹ́, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, mo ti dúró fún 25 rí. Ẹ̀yìn ìka la fi ń dán an wò. Tó bá ń yọ̀, tó ń fà bí ilá, kò tíì tó. Tó bá di ìka mú díẹ̀ tó sì jù ú sílẹ̀ láìlẹ̀ mọ́ ọn, ó yá. Bí awọ àti ike bá ti fara kanra, kò sí sísún mọ́. Nítorí náà ni Bàbá ṣe máa ń tẹ́ bébà sáàárín wọn, táá máa fà á yọ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń tẹ awọ lọ. Ibi tó bá jìn sínú ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Awọ tí a bá nà kọjá lórí kòtò yóò gbéra níbẹ̀ nígbà tó bá yá.

Ní ti etí, a ó fá ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi fẹ́lẹ́ bíi bébà, ká tó ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn. Èyí tí n kò fá dáadáa kò jẹ́ kí ike tí mo tú lára ilẹ̀kùn padà sí àyè rẹ̀, kílíìpù méjì sì kán níbi tí mo ti ń fi agbára tì í. Rírán kò ni mí lára: òwú pọ́líẹ́sítà, abẹ́rẹ́ méjì, ihò kan sí èkejì mìlímítà 4. Òwú gidi ń jẹrà nínú oòrùn.

Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti parí báyìí, ìdí jíà náà ti parí. Dáṣíbọ́ọ̀dù iwájú ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni n kò fọwọ́ kàn, n kò sì ní fọwọ́ kàn án. Báàgì afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ ibẹ̀. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ já jáde kí èèyàn tó ṣẹ́jú, awọ tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn lè dá a dúró. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán iṣẹ́ yìí wò, ẹ jọ̀wọ́, ibikíbi tí ẹ bá ti rí AIRBAG lára ike, yálà ní àárín sítíárì ni o, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a.