Ahéré Tí Ọmọdé Kì Í Sùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Nígbà tí oko jẹ́ ibi iṣẹ́, tí ilé sì jẹ́ ibi tí a ń na ẹ̀yìn sí, kò sí ẹni tí ó jẹ́ jiyàn ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ní agbègbè Ìkejà sí Agége, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, a rí àwọn tí òwe náà ti yí padà mọ́ lọ́wọ́. Ìlú ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Oko ni àbọ̀ sinmi wọn.

Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá kan tí ilé rẹ̀ wà ní Agége, tí kò jìnnà sí Pẹ́ńsínímà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkejà, kí ilé-iṣẹ́ náà tó kógbá wọlé bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ tí ó gbọ́ níbẹ̀ kò tíì kúrò ní etí rẹ̀ tán títí di òní. Bí ènìyàn bá rọra bá a sọ̀rọ̀, àfi kí onítọ̀hún tún un sọ. Nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni òun àti aya rẹ̀ ń lọ sí ahéré wọn ní ẹ̀yìn Wásinmi, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá; láti ìgbà tí iṣẹ́ ti tán, ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọn a wọ ọkọ̀ ní Agége, wọn a gba Abúlé Ẹ̀gbá, Sángo, Ìfọ̀ àti Ewékorò kọjá, wọn a sọ̀ ní Wásinmi, wọn a sì gun ọ̀kadà dé ibi tí ọ̀nà bá gbà á dé. Ẹsẹ̀ ni wọn a fi rin ìyókù. Ẹrù wọn kò ju gààrí, iyọ̀, epo, ìṣáná àti búrẹ́dì Agége méjì lọ. Bí wọ́n bá ń padà bọ̀ ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀gẹ́, ilá àti ewé eéran ni yóò kún àpò náà. Orúkọ ìlú náà ti sọ iṣẹ́ tí wọ́n bá lọ síbẹ̀.

Nígbà èwe rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ni bàbá rẹ̀ ń mú un wọ̀. Ojú irin tí ó ti Èkó gba Agége àti Ìfọ̀ kọjá, tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ni ó so oko wọn mọ́ ìlú. Ní ọdún 2021, a ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń dúró ní Agége. Ṣùgbọ́n kò sí ibùdó rẹ̀ ní Wásinmi.

Ahéré márùn-ún ni ó wà ní abà náà, ti ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá kan náà. Ògiri wọn jẹ́ ti amọ̀, òrùlé wọn sì jẹ́ ti páànù tí ó ti dípẹtà. Kò sí iná mànàmáná. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìkòkò omi wà, àti ààrò olókùúta mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin a jókòó sí abẹ́ igi ọsàn, àwọn obìnrin a máa bó ẹ̀gúsí. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, ara kò sì ní í ni ẹnì kankan. Ohun tí yóò kọ́kọ́ ya àlejò lẹ́nu ni pé kò sí ọmọdé níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò bímọ. Òfin ni wọ́n ṣe pé ọmọdé kò gbọdọ̀ sùn ní abà náà.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Agége kò ní í fi òfin yìí ṣe ẹlẹ́yà. Oko ni Agége fúnra rẹ̀ jẹ́ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò Èkó bí Jacob Kẹ́hìndé Coker ní oko kòkó àti obì ní agbègbè náà, àwọn olóko ibẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọdún 1907. Bí àwọn ti òní ṣe ń ti Agége lọ sí Wásinmi ni àwọn ti ìgbà náà ń ti Èkó lọ sí Agége. Nígbà tí ó yá, àwọn alágbàṣe ń bímọ síbẹ̀, ọjà dé, ilé ìjọsìn dé, ilé ẹ̀kọ́ dé. Oko sì di ìlú. Ní àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkejà, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ibi tí ọmọdé bá ti ń sùn, tí ó ti ń jí lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ti kúrò ní oko.

Ilé ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni ó mú kí ọmọdé wọ́n ní oko. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá tí a ń sọ yìí wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Kí ó tó di ọjọ́ náà, ó ti ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ lórí ẹní ní ibi tí ahéré rẹ̀ wà lónìí. Lẹ́yìn rẹ̀, sílétì gba ipò ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi ní àkókò ìsinmi. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé èyí kò dára. Ẹni tí ìwé sọ di òṣìṣẹ́ olówó oṣù kò ní í bú ẹni tí ó fi í sí ilé ẹ̀kọ́.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ ṣì máa ń tẹ̀lé òbí wọn wá bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí. Ní òru ọjọ́ kan, ejò bu ọ̀kan nínú wọn jẹ. Kò sí ọkọ̀, òjò sì ń rọ̀. Èjìká ni wọ́n fi gbé e dé ojú títì. Ọmọ náà kò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ṣe déédéé mọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lórí òfin náà.

Ejò nìkan kọ́ ni ó mú un pẹ́. Aya bàbá náà kì í fi pamọ́. Ọmọ mẹ́fà ni ó tọ́ ní Agége nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru. Kí igbe ọmọ má baà jí ẹni tí ó ń sùn lọ́sàn-án, ẹ̀yìn ni ó ń pọ̀n wọ́n sí káàkiri àdúgbò. Nígbà tí wọ́n dàgbà tán, wọ́n gbé ọmọ tiwọn wá fún un. Wásinmi nìkan ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í ké pè é. "Mo fẹ́ràn wọn," ni ó máa ń wí, "ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa rí ọjọ́ mẹ́ta tí n kò ní í pọn ẹnikẹ́ni."

Ohun tí ó mi òfin náà ni ikú. Ní ọdún kan tí kò tíì jìnnà, àgbà tí ó ni ahéré ìhà odò dágbére fún ayé. Òun nìkan ni ó mọ ibi tí ìlà pèrègún tí a fi pààlà gbà wọ inú àbàtà níbẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́fà tí àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fi dé, nítorí pé àwọn tí ilẹ̀ wọn bá tiwọn pààlà ti ta tiwọn fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé. Wọ́n fi pẹ̀lẹ́ béèrè ibi tí ààlà wà. Àkọ́bí olóògbé ti Ìkejà wá. Ó mú ìwé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ka èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ já gaara. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ó rìn níwájú, kò mọ ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò fi parí, ilẹ̀ tí ó tó pulọ́ọ̀tì mẹ́rin ti lọ, òpó sìmẹ́ǹtì kéékèèké sì dúró níbi tí ẹnikẹ́ni kò rántí pé ààlà wà rí. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ṣùgbọ́n ààlà tí bàbá mọ̀, tí ọmọ kò mọ̀, ti ta ni?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní abẹ́ igi ọsàn. Bàbá náà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò kọ́ ààlà lójú ìwé; nítorí pé òun sùn níbẹ̀, tí òun sì jí tẹ̀lé bàbá òun nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, ni òun fi mọ̀ ọ́n. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wá. Aya rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Bàbá wọn, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó pọ̀n wọ́n?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìyá ọmọ tí ejò bù jẹ wà níbẹ̀. Kò sọ ohunkóhun, wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó rí ibi fi orí ọ̀rọ̀ tì sí. Òfin dúró: ọmọdé kò gbọdọ̀ sùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan lọ́dún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ń ro ẹsẹ̀ ààlà, ọmọ tí ó bá ti pé ọdún mẹ́wàá lè bá wọn wá ní òwúrọ̀. Kí ó wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, kí ẹni tí ó mú un wá sì mú un padà kí oòrùn tó wọ̀.

Ọmọ-ọmọ bàbá náà, ọmọbìnrin ọdún méjìlá, ni ó kọ́kọ́ wá. Inú rẹ̀ kò dùn ní wákàtí àkọ́kọ́; ó ní ẹ̀fọn pọ̀, kò sì sí iná. Nígbà tí ó di pé kí wọ́n rìn, bàbá àgbà ní kí ó máa ka pèrègún bí wọ́n ti ń lọ. Wọ́n rìn láti ẹ̀yìn ahéré dé bèbè odò.

"Bàbá àgbà, mẹ́tàdínlógún ni."

"Méjìdínlógún ni."

Ọmọ náà kọ̀; ó ní òun kò ṣì í kà. Wọ́n padà, wọ́n tún un kà. Mẹ́tàdínlógún ni lóòótọ́. Láàárín ìkejìlá àti ìkẹtàlá, ẹnì kan ti fa ọ̀kan tu, ó sì ti fi ewé gbígbẹ bo ojú ihò rẹ̀. Bàbá tí ó ti ń rin ibẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kò mọ ìgbà tí wọ́n tu ú, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ó ti dẹ́kun kíkà á.

Wọ́n gé ẹ̀ka lára èyí tí ó wà nítòsí, ọmọ náà sì rì í mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ bu omi wá. Ní agogo mẹ́rin, àbúrò bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ojú títì láti wọ ọkọ̀ Agége. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá àgbà jókòó sí ẹnu ọ̀nà ahéré, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kò sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní alẹ́, ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè iye ọdún tí ó kù kí àbúrò ọmọ náà tó pé ọdún mẹ́wàá.