Ayépé Ìjẹ̀bú: Èwo Ni Kí Ìlú Kọ́kọ́ Ṣe?

Ẹni tí ó bá ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ayépé kò ní rin ìrìn jíjìn. Ìlú náà wà ní ìtòsí Odógbolú, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ń ṣe àkóso rẹ̀ gbé wà. Ìlú ńlá kọ́, ṣùgbọ́n ìlú ọlọ́lá ni lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tí a sì rí níbẹ̀ ni ohun tí à ń rí nínú púpọ̀ àwọn ìlú Ìjẹ̀bú: ilé alájà tí ẹni tí ó kọ́ ọ wà ní Èkó, tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa di ọjọ́ ọdún, àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilé àtijọ́ tí páánù orí rẹ̀ ti pupa, níbi tí ìyá àgbà ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Láàárín ilé méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ wa lónìí wà.

Bí a bá dárúkọ ìtẹ̀síwájú ìlú, ẹni tí ó wà ní Èkó a máa ronú gbọ̀ngàn tí a lè fi gba àlejò, tàbí ẹnubodè tí a kọ orúkọ ìlú sí gàdàgbà. Ìyá àgbà a máa ronú omi, àti gọ́tà tí àgbàrá ti ń jẹ ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀, àti ibi tí a ó gbé aboyún lọ bí ó bá rọbí lóru. Kò sí ọ̀tá ìlú nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n owó kì í tó ohun gbogbo, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ó dára ni kí ìlú máa bèèrè, bí kò ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó súnmọ́ wa jù láti bá sọ èyí. Ní ọdún 1976, tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ni a tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ ṣe jákèjádò Nàìjíríà. Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999 sì ka iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, ìkólẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, wọ́n sì ní ìpín nínú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní máa wo ọ̀nà Abuja fún ohun tí ó wà ní Odógbolú.

Àwíjàre ọjọ́ pípẹ́ ni pé owó kì í dé ọwọ́ wọn, nítorí inú àpò àjùmọ̀ní tí Ìpínlẹ̀ ń ṣọ́ ni owó náà ń gbà. Ní ọjọ́ 11 oṣù July 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn tààrà, àti pé ìgbìmọ̀ tí aráàlú dìbò yàn nìkan ni ó tọ́ sí. Ìdájọ́ dára, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò gbẹ́ gọ́tà. Bí owó bá dé tí ìlú kò mọ ohun tí ó fẹ́, ẹlòmíràn ni yóò bá a yàn án.

Ìjẹ̀bú-Òde fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ nítòsí wa. Ní ọdún 1999, wọ́n pe àpérò ìlú lórí òṣì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ìlú tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ìlú olówó jókòó, ó sì jẹ́wọ́ pé àwọn tálákà inú òun pọ̀. Láti inú ètò yìí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti owó àyálò fún oníṣẹ́ kéékèèké ti jáde, àti àwọn adágún ẹja tí a gbẹ́ ní Èrìwé. Ẹni tí ó bá fi egbò pamọ́ kò lè rí oògùn rẹ̀ gbà.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí a ní fún ìlú kéékèèké kò pọ̀. Èkíní, kí ìpàdé ìlú má ṣe jẹ́ ti olóyè àti olówó nìkan. Kí a pe àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́, kí a sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Èkejì, kí a bèèrè lórí ohun kọ̀ọ̀kan pé, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Kànga ẹlẹ́rọ tí kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe yóò di ohun ìwòran. Ilé ìwòsàn tí kò ní nọ́ọ̀sì, yàrá lásán ni. Ẹ̀kẹta, January ni ọdún ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀; kí a ti kọ ohun mẹ́ta péré sí ìwé, èyí tí ó ṣe kókó jù ní òkè, kí a sì fi lé kánsílọ̀ lọ́wọ́ kí a tó ṣe ìṣirò ọdún náà. Kí a pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́, kí a sì máa kà á sókè ní gbogbo ìpàdé.

Àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ń bẹ ní Èkó àti ní òkè òkun, ọwọ́ yín ni ó ń gbé ìlú dúró, a kò sì lè ṣe aláìdúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi owó ẹnubodè ránṣẹ́ ní ọdún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ìyá yín ibi tí ó ti ń pọn omi.