Mo Ní Fáírọ́ọ̀sì Ni

Irọ́ tí mo pa kò gùn. Gbólóhùn kan péré ni: “Màmá, ẹ̀rọ tiwọn ló ní fáírọ́ọ̀sì.” Orí fóònù ni mo ti pa á, nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Pánṣẹ́kẹ́, l’Abẹ́òkúta, bí mo ṣe ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì lọ́wọ́. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo sì jẹ oúnjẹ mi tán. Obìnrin mẹ́rìnlá ló san owó irọ́ yẹn.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Mo ń tẹ ìwé, mo ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti ti òkú àgbà, mo ń ṣe síláìdì fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀, fún pásítọ̀, fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ní ọdún 2018 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bọ̀dá Síláìdì ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Màmá tí mo ń wí yìí, Ìyá Aláró ni gbogbo ọjà mọ̀ wọ́n sí. Àwọn ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́rìnlá tó ń ṣe adìrẹ ní Ìtòkú. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó ló ránṣẹ́ pè wọ́n pé àwọn fẹ́ fi adìrẹ rán aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ àwọn, kí wọ́n wá fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn hàn. Ogún ìṣẹ́jú ni ilé-iṣẹ́ náà yọ̀ǹda. Èdè Yorùbá ni Màmá máa fi sọ̀rọ̀, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga á máa túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí orúkọ iṣẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan hàn lára ògiri bí àwọn ìyá wọn ṣe ń pè é: Ìbàdàndùn tó gbé òpó Màpó, Olókun, Sún Bẹ́bẹ́. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ará Èkó rí bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ láfún sára aṣọ, tí a ó wá rì í sínú aró, tí ibi tí láfún bá wà kò ní mu aró rárá.

Síláìdì méjìlélógún ni mo ṣe. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo kó dà sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń yọ́ wọlé láti apá òsì, àwòrán ń pòòyì bí òkòtó, síláìdì kan ń ṣí bí aṣọ tí wọ́n fà sẹ́yìn lójú fèrèsé. Bí mo ṣe ń wò ó lórí ẹ̀rọ mi, èmi fúnra mi ń pàtẹ́wọ́.

Fọ́ǹtì tí mo fi kọ ọ́, ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló fún mi. Kí kọ̀ǹpútà tó gbọ́ èdè wa dáadáa, àwọn kan ta ọgbọ́n: wọ́n mú fọ́ǹtì Òyìnbó, wọ́n lé àwọn àmì tí a kì í sábà lò kúrò ní àyè wọn, wọ́n sì ya lẹ́tà tiwa síbẹ̀. Nínú fọ́ǹtì ọ̀gá mi, tí o bá tẹ àmì owó dọ́là, ẹ́ ni wàá rí. Ṣùgbọ́n ojú lásán ni. Nínú ikùn ẹ̀rọ, dọ́là ló ṣì ń jẹ́. Nígbà yẹn, ó ti pẹ́ tí Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ti fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó sì fún àmì ohùn ní tirẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè para pọ̀ di ẹ́ lórí ẹ̀rọ tó bá ní fọ́ǹtì gidi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ́ ti ọ̀gá mi ni, ó sì rẹwà lójú mi.

Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́fà kan wà, tí ọmọ Màmá fi fóònù yà níbi ìkòkò aró. Nígbà tí mo gbé e sínú síláìdì, fáìlì náà wú, ó ju 200 MB lọ. Mo tún ta ọgbọ́n kan. PowerPoint gbà kí èèyàn má gbé fídíò sínú fáìlì rárá, kó kàn júwe ilé rẹ̀ fún un, pé inú àpò báyìí ló wà lórí kọ̀ǹpútà yìí. Tí o bá ti tẹ àyè rẹ̀, á lọ pè é wá. Fáìlì mi gbẹ wálẹ̀ sí 31 MB, inú mi dùn. N kò rò ó pé ẹni tí a júwe ilé kan ní Pánṣẹ́kẹ́ fún kò lè wá ilé náà rí ní Èkó.

Ọmọ Màmá gbìyànjú láti gbà mí. Nígbà tó wá wo iṣẹ́ náà, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe PDF rẹ̀ mọ́ ọn fún wa. Tí nǹkan bá yíwọ́, a ṣáà máa rí nǹkan fi hàn wọ́n.” Mo rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé PDF máa ń di àwòrán lẹ́tà mọ́ra rìnrìn àjò, kì í tọrọ fọ́ǹtì nílé onílé. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń rìn kì í rìn nínú rẹ̀ mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi tó ń yọ́ wọlé, gbogbo àwòrán mi tó ń pòòyì, wọ́n á kàn dúró sójú kan bí ère. Mo dá a lóhùn pé, “Ìyàwó tí mo ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tán, o wá ní kí n tú irun orí rẹ̀?”

Ó ní ó dáa, kí n fi fáìlì náà ránṣẹ́ lálẹ́ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Gmail kì í gbé ẹrù tó bá ju 25 MB lọ, nítorí náà mo gbé e sí Google Drive, mo sì fi líǹkì rẹ̀ ṣọwọ́ sí i lórí WhatsApp. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sílé. Kò sí iná lóru ọjọ́ náà, fóònù mi kú. Ohun tí n kò ṣe ni pé n kò fún ẹlòmíràn láṣẹ láti ṣí fáìlì náà. Drive fi í sílẹ̀ fún èmi tí mo ni ín nìkan. Nígbà tí ọmọ náà tẹ líǹkì, ilẹ̀kùn títì ló bá, wọ́n ní kó tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Ó tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo bá nínú ímeèlì mi lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ká ní ó rí i ṣí lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lálẹ́ yẹn ni, ì bá ti rí ohun tí ojú tèmi kò lè rí.

Ní ìdájí, wọ́n yà nílé mi lọ́nà Èkó. Mo fún wọn ní fúláàṣì. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Fídíò wà ní ṣọ́ọ̀bù, fọ́ǹtì náà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá gbà á, wọ́n dì í sétí ìró wọn, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi.

Ẹnu ọmọ náà ni mo ti gbọ́ ìyókù. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá níbẹ̀ kò ní PowerPoint, ètò mìíràn tó jọ ọ́ ni wọ́n fi ń ṣí síláìdì. Níbi tí mo kọ “Adìrẹ ẹlẹ́kọ” sí, “Adìr# #l$k%” ló yọ lára ògiri. Ìbàdàndùn jáde ní pípé, Olókun jáde ní pípé, torí pé kò sí lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n Sún Bẹ́bẹ́ di “Sún B$b$”, ẹnì kan lórí ìjókòó sì béèrè bóyá iye owó aṣọ náà nìyẹn. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wọlé níkọ̀ọ̀kan rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gun ara wọn lórí. Nígbà tí wọ́n dé ibi fídíò, àyè dúdú kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn.

Ìgbà yẹn ni Màmá pè mí. “Ọmọ mi, kí ni mo ṣe fún ọ? Ìwé rẹ ń sọ èdè tí n kò gbọ́.”

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á dúró níbí pẹ̀lú mi, nítorí ibí gan-an ni ẹjọ́ mi wà. Àṣìṣe ni fọ́ǹtì, àṣìṣe ni fídíò, àìbìkítà ni líǹkì. Gbogbo rẹ̀ ṣì ní àtúnṣe. Bí ọmọ náà ṣe ń ka ohun tó wà lára ògiri sí mi létí ni mo ti mọ̀ pé fọ́ǹtì ni. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù: kí n sọ ìwé náà di PDF lórí ẹ̀rọ mi, kí n fi ṣọwọ́ sí fóònù rẹ̀, kí wọ́n ṣí i. Orúkọ á pé, àwòrán á pé, fídíò á wà lórí fóònù tí wọ́n fi yà á. Ṣùgbọ́n kí n tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ọmọdé tí mo fi rẹ́rìn-ín ló sọ òótọ́. Ìtìjú yẹn wúwo lójú mi ju ọjà obìnrin mẹ́rìnlá lọ. Mo ní fáírọ́ọ̀sì ni.

Màmá gbà mí gbọ́. Wọ́n yíjú sí àwọn tó gbà wọ́n lálejò, wọ́n ní, “Ọmọ mi ní ẹ̀rọ yín ló ní àrùn.” Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà kò jà. Ó fa fúláàṣì wa yọ, ó ṣí síláìdì ẹlòmíràn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú, ó mọ́ tónítóní. Ó pa dà ki tiwa bọ̀ ọ́: “Adìr# #l$k%.” Gbogbo ilé dákẹ́. Màmá kó aṣọ mẹ́rin tó wà nínú báàgì wọn jáde, wọ́n nà án sókè lọ́wọ́ títí àsìkò fi tán. Ilé-iṣẹ́ náà dúpẹ́, wọ́n ní àwọn á pè. Wọn kò pè.

Bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ní kíá ni àwọn máa fẹ́ aṣọ náà, ẹgbẹ́ ti ra ogójì ìgàn aṣọ funfun sílẹ̀. Wọ́n fi owó èésú san díẹ̀, wọ́n gba ìyókù láwìn. Ìgbà tí kò sí ẹni tí wọ́n máa pa á láró fún, wọ́n tún un tà ní ẹ̀dínwó.

Lóru ọjọ́ yẹn, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ṣáájú. Láti ọdún 2007 tí .pptx ti rọ́pò .ppt, ẹrù dídì ni fáìlì PowerPoint jẹ́, ọ̀pọ̀ fáìlì kéékèèké tí wọ́n dì pọ̀. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo yí ìparí orúkọ rẹ̀ sí .zip, mo sì tú ẹrù náà. Mo ṣí àpò tó ń jẹ́ “media”. Àwòrán kún ibẹ̀. Fídíò kò sí níbẹ̀. Ẹrù tí mo dì fún wọn kò pé láti ilé wá. Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo, ṣùgbọ́n èmi gbé tèmi lọ síwájú àlejò.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi panu mọ́. Ọjọ́ kan ni bàbá kan wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú iṣẹ́ síláìdì lọ́wọ́. Ó ní, “Ìyá Aláró ló júwe rẹ. Wọ́n ní o mọṣẹ́, pé ẹ̀rọ àwọn ará Èkó ló ba tìrẹ jẹ́.” N kò lè gba iṣẹ́ náà. Mo mú 30,000 náírà tí Màmá san fún mi, mo gba Ìtòkú lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù nídìí ìkòkò, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màmá kò dá mi dúró. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí.

“Ìgbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù, ṣé o ti mọ̀?”

“Mo ti mọ̀, Màmá.”

Wọ́n ki ọwọ́ bọ ìkòkò, wọ́n fa aṣọ kan jáde, wọ́n ní kí n dìde wò ó. Ó rí bí ewé tútù. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí okùn, a jọ dúró, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Lójú mi ni ewé náà ń ṣú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di aró gidi. Màmá ní, “Kò sí aláró tó ń yọwó aṣọ nínú ìkòkò. Ó dìgbà tó bá dé inú afẹ́fẹ́.” Wọ́n gba owó náà, wọ́n kà á pé, wọ́n ní kí n máa lọ.

Wọn kò gbé iṣẹ́ wá fún mi mọ́ láti ọjọ́ náà, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan wà lórí tábìlì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn mi báyìí. Kò ní PowerPoint, kò ní fọ́ǹtì kankan ju èyí tó bá a wáyé lọ, n kò fi orúkọ mi wọlé sí Drive lórí rẹ̀. Èkó ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sọ ọ́. Tí wọ́n bá ti kó síláìdì àti fídíò rẹ̀ sínú àpò kan, tí wọ́n sì ti ṣe PDF rẹ̀ mọ́ ọn, mo máa ń béèrè pé, “Ṣé ó ti dé Èkó?” Tí líǹkì ni, lórí Èkó ni a ti ń tẹ̀ ẹ́ kí oníbàárà tó rí i.

Síbẹ̀, àwọn kan ṣì máa ń pè pé kò ṣí. Àyà mi ṣì máa ń já, irọ́ àtijọ́ ṣì máa ń sáré wá sétè mi. Mo máa ń gbé e mì. “Ẹjọ́ mi ni,” ni mo máa ń wí, “ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún.”