Ẹni tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí ìwé ilé

1/ Tẹ́ ẹ bá ń yá ilé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ní England, tiyín ni thread yìí. Ọ̀rọ̀ break clause ni: ìlà inú ìwé àdéhùn tó ní ẹ lè kó jáde kí ọdún tó pé, láìsan owó oṣù tó kù.

2/ L'Ékòó tá a ti wá, tẹ́ ẹ bá san owó ọdún kan, tẹ́ ẹ wá kó lóṣù kẹfà, ṣàṣà ni lánlọ́ọ̀dù tó máa dá owó padà. Torí ẹ̀ ni inú mi ṣe dùn nígbà tí mo rí ìlà yẹn.

3/ Ní 2024, èmi àti ọ̀rẹ́ mi gba ilé oníyàrá méjì ní Manchester, £1,200 lóṣù. Ọdún kan ni àdéhùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a lè fún wọn ní notice oṣù méjì. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, mo ríṣẹ́ ní Bristol.

4/ Ọ̀rẹ́ mi ò fẹ́ kó. Ibi iṣẹ́ ẹ̀ ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ́jẹ́ǹtì wá là á yé wa: ẹni méjì ló fọwọ́ sí ìwé, ẹni méjì náà ló gbọ́dọ̀ lo break clause. Ọwọ́ kan ò gbé igbá dé orí.

5/ Tí mo bá kàn kó lọ ńkọ́? Gbèsè ò ní kúrò lọ́rùn mi. Tí ọ̀rẹ́ mi ò bá rówó san, lánlọ́ọ̀dù lè bèèrè gbogbo £1,200 lọ́wọ́ mi, kì í ṣe £600 tèmi nìkan. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wà nínú ilé kan náà láìkíra wa.

6/ Ohun tó yọ wá: a wá ẹni tó máa gba yàrá mi, lánlọ́ọ̀dù dẹ̀ gbà. Ẹ́jẹ́ǹtì ní ká san £250. Mo fi email rán wọn létí pé £50 ni Tenant Fees Act 2019 sọ fún irú àyípadà yẹn, àfi tí wọ́n bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ìnáwó wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́. £50 náà ni wọ́n gbà.

7/ Òfin ti yí báyìí o. Láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2026, Renters' Rights Act 2025 ti fòpin sí àdéhùn ọlọ́dún kan fún ọ̀pọ̀ ayálégbé. Notice oṣù méjì ti tó, ìgbà yòówù kẹ́ ẹ fẹ́ kó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣá. Ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́.

8/ Àmọ́ ẹ dúró. Nígbà tèmi, ọ̀rẹ́ mi lè dá mi dúró. Lábẹ́ òfin tuntun, tí ẹnì kan bá fún wọn ní notice, àdéhùn gbogbo yín ló parí. Ẹni tó fẹ́ dúró á lọ bẹ lánlọ́ọ̀dù fún àdéhùn tuntun.

9/ Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó jọ fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi ara yín: tí ọ̀kan nínú wa bá fẹ́ kó, oṣù mélòó la máa fi sọ fún ara wa kó tó kan lánlọ́ọ̀dù? Ta ló máa wá ẹni tuntun? Ẹ kọ ìdáhùn yín sórí WhatsApp, kó wà níbẹ̀.

Ẹ tag ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé.